Omi Tí Mo Dà Sínú Balùwẹ̀ Ìyá Mi

Ní abúlé wa, balùwẹ̀ kì í ṣe yàrá. Pákó bíi mélòó kan ni, tí wọ́n kàn mọ́ òpó lẹ́yìn ilé, lókè omi, pẹ̀lú tàpólì tó yí i ká dé àyà. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ á gbé korobá rẹ̀ dání, á dúró lórí pákó, á bu omi sára, omi náà á sì gba àárín pákó bọ́ padà sínú odò. Kò sí páìpù, kò sí kòtò, kò sí ẹni tó ń bínú sí omi pé ó jò. Jíjò gan-an ni iṣẹ́ balùwẹ̀. Bí omi bá fi lè dúró sí ọ̀kan, wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹni tó kàn án pé kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Orí irú pákó bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ti yọ̀ ṣubú. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ọṣẹ ti mú kí pákó náà máa yọ̀, ó fi ọwọ́ gbalẹ̀, egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dá. Díẹ̀ ló kù kó bọ́ sínú omi pátápátá. Àkúrẹ́ ni mo wà nígbà tí wọ́n pè mí, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀rù bà mí, lẹ́yìn náà ni inú bí mi: mo bínú sí pákó, mo bínú sí ọṣẹ, mo sì bínú sí ara mi jù wọ́n lọ, nítorí pé ilé búlọ́ọ̀kù kékeré tí mo ń kọ́ fún un lẹ́yìn ilé pákó rẹ̀ ti ń lọ sí ọdún kẹta tí kò parí. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní ilé náà á parí, balùwẹ̀ rẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá rẹ̀, ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn, tí kò ní rìn ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ kó tó débẹ̀.

Mo wọkọ̀ wálé, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi. Ọjọ́ kẹta ló tó pè mí jókòó.

“Ọma mi,” ó ní, “ulé méjì ni òkun ti gbà lọ́wọ́ mi ní apá Àwọ́yè kí n tó sá wọ inú odò wá síbí. Ìta ni omi gbà wá bá mi nígbà méjèèjì. Ṣé ìwọ wá fẹ́ mú un wọlé, kí o fi í sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi?”

Mo ní omi kankan kò ní kọjá. Ó wò mí títí.

“Ó dáa. Màá wá. Ṣùgbọ́n bí ògiri tí mo gbórí tì bá fi lè tutù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, inú ulé pákó mi ni mò ń padà sí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ ulé mọ́ títí n ó fi kú.”

Mo mọ ìyá mi. Nígbà tó ní òun kò jẹ ẹja kan mọ́ nítorí ìjà òun àti ẹni tó ń tà á, ogún ọdún ni kò fi jẹ ẹ́.

Bí mo ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa balùwẹ̀ nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti wo fídíò tó pọ̀ débi pé fóònù mi kò fi nǹkan mìíràn hàn mí mọ́. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sọ́dọ̀ ihò páìpù, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá kun gbogbo ilẹ̀ àti ògiri kí táìsì tó dé orí rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń dán an wò: ẹ di ihò páìpù pa, ẹ da omi kún ilẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó dé lára ògiri, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà lójú àmì, ẹ lẹ táìsì. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ẹ wá ibi tó gbà lọ. Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ èyí. Inú mi dùn sí ìwé yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Bíríkìlà tí mo mú wá láti Òkìtìpupa kò fẹ́ràn ìwé náà rárá.

“Màdáámù,” ó ní, “táìsì kì í jò. Ṣé àwo tí ẹ fi ń jẹun máa ń jò ni?”

Mo ní àwo tí mo fi ń jẹun kì í ṣe ọgọ́rùn-ún àfọ́kù tí wọ́n tò pọ̀. Ó ní òun ti ṣe balùwẹ̀ fún àwọn olóyè. Mo bi í bóyá balùwẹ̀ àwọn olóyè náà kò jò. Ó ronú díẹ̀, ó ní kò sí èyí tó padà wá fẹjọ́ sùn nínú wọn.

Nígbẹ̀yìn, ó ṣe é bí mo ṣe fẹ́, ó ń kùn bí ẹ̀rọ ọkọ̀ tí epo rẹ̀ lómi nínú. Ó da ilẹ̀, ó jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́. Ó ri páìpù mọ́ ibi tó yẹ. Ó sì mọ ìdínà kékeré sí ẹnu ọ̀nà kí omi má baà ṣàn jáde. Ọjọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọ̀dà ni àbúrò bàbá mi dé, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Bàbá yìí ló ń kan ọkọ̀ ojú omi fún gbogbo agbègbè wa títí dé Ẹtíkàn. Ó gbé pákò sẹ́nu, ó ń wo bíríkìlà bó ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun àárín ilẹ̀.

“Kí ló dé tí o ń ṣe àárín?” ó bi í. “Ọkọ̀ kì í jò láàárín pákó. Ibi tí pákó méjì bá ti pàdé ni omi ń gbà wọlé.”

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ọkọ̀ kọ́ lèyí o.”

“Ọkọ̀ ni. Inú ni omi tirẹ̀ wà dípò ìta, ìyẹn nìkan ló fi yàtọ̀.”

Ojú tì mí díẹ̀, nítorí pé fídíò sọ̀rọ̀ nípa kọ̀rọ̀ àti igun, èmi ni mo fò ó torí ẹni tó ń ṣàlàyé ti ń rojọ́ jù. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i ní ìdúró. Bàbá dìde, ó po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ́ ẹ sí gbogbo ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ títí igun fi ṣe roboto bí inú igbá. Nígbà tó gbẹ, ó gé aṣọ tín-ín-rín gígùn gígùn, ó kun ọ̀dà, ó tẹ aṣọ sínú ọ̀dà tútù náà, ó tún fi ọ̀dà bò ó, bó ṣe máa ń ṣe sí ojú oríkèé ọkọ̀. Ó fi yí ọrùn páìpù ká lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà kun gbogbo ilẹ̀, àti ògiri dé èjìká èèyàn. Ìpele àkọ́kọ́ lọ ní ìbú. Nígbà tó gbẹ, ìkejì lọ ní òró, kí èyí lè bo ibi tí ìyẹn bá fò. Ó fẹ́ lẹ táìsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní a ó dúró kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà a ó dán an wò.

Ibi ìdánwò ni mo ti sọ ara mi di ẹni ìtàn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Omi yí wa ká níwájú àti lẹ́yìn, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ni. Omi òjò ni à ń mu tí a fi ń ṣe gbogbo nǹkan, dúrọ́ọ̀mù gbogbo ilé sì ti ń dún gbòlòlò nígbà yẹn. Omi inú ọ̀rá ni àwọn èèyàn ń rà mu, omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń wẹ̀ sì ń jẹ́ kí awọ máa yún wọn. Ṣùgbọ́n ìwé mi sọ pé omi tó mọ́ ni kí n lò. Mo háyà ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kan lọ sí Igbókòdá, mo rọ kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́wàá, mo sì gbé wọn wálé.

Gbogbo àdúgbò ló jáde. Àwọn obìnrin bá mi gba kẹ́ẹ̀gì láti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí àfárá pákó. Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Ọ̀kan tó gbé ọmọ pọ̀n ní, “Ẹni tó da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀ o,” gbogbo wọn sì ṣe àmín. Wọ́n tẹ̀ lé mi dé ilé tuntun. Wọ́n dúró láti wo ibi tí mo fẹ́ pín in fún wọn. Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, mo sì dà á sílẹ̀.

Mo da ìkejì. Obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n gbé ọwọ́ lérí. Nígbà tí mo dé orí ìkẹfà, ẹnì kan bi ẹnì kejì ní ohùn jẹ́jẹ́ bóyá mo ń sùn dáadáa ní Àkúrẹ́.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo lo ohùn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sọ̀rọ̀. Mo ní ìdánwò ni, pé títí di ọ̀la ni omi á fi wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà a ó dà á nù.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó so ọwọ́ rẹ̀ tó dá mọ́ àyà.

“Ẹ ó dà á nù?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Iye,” mo ní, bí a ṣe ń pe ìyá ní ilé wa.

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀ pátá.”

“Ó mọ́?”

“Ó mọ́ dáadáa, Iye. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.”

Ó wò ó. Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn pé sáyẹ́ǹsì ti yé e.

Mo fi pẹ́ńsù sàmì sára ògiri, ìka mẹ́rin sí ilẹ̀. Mo fi aṣọ ta ẹnu ọ̀nà torí ilẹ̀kùn kò tíì sí. Ní ọ̀sán, mo wò ó, omi wà lójú àmì. Nírọ̀lẹ́, ó wà níbẹ̀. Mo lọ sùn ní ilé àbúrò bàbá mi, nítorí pé ilé pákó ìyá mi kò gba èèyàn méjì. Nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa lọ́jọ́ kejì, mo padà wá, mo ká aṣọ sókè. Omi ti fi ìbú ìka kan lọ sílẹ̀.

Mo ronú kan ògiri tí ìyá mi fẹ́ gbórí tì, mo sì rí pákó tó ń yọ̀ yẹn lójú mi. Mo sáré wọ yàrá rẹ̀, mo fi ọwọ́ pa ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Gbígbẹ ni. Mo rá pálá wọ abẹ́ ilé, láàárín àwọn òpó rẹ̀, nínú ẹrẹ̀, mo ń wá ibi tó tutù. Abẹ́ ilé tutù. Abẹ́ gbogbo ilé tó wà ní abúlé wa ló tutù láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó. Mo jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé eékún, mo kéde pé ó jò.

Bíríkìlà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní òun ti sọ ọ̀rọ̀ táìsì. Bàbá kò gbé pákò kúrò lẹ́nu.

“Ògiri gbẹ?” ó bi mí.

“Ó gbẹ, Bàbá.”

“Omi tó kúrò níbì kan tí kò tutù síbòmíràn, èèyàn ló gbé e.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ta ló máa ń jí omi balùwẹ̀?”

Mo fa aṣọ tí mo fi di ihò páìpù yọ, gbogbo omi tó kù sì ya wọ inú ẹrẹ̀. Obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n pariwo bí ẹni pé wọ́n gbá a létí. Ìyá mi ti jáde sí àfárá, ó ń wo ibi tí omi náà ń lọ.

“Ó jò, àbí?” ó ní.

“Ó jò, Iye. Ẹ má bínú.”

“N kò bínú. Ulé mi ṣì wà níbí.” Ó sì wọlé.

Ó dùn mí gan-an. Mo sọ fún bíríkìlà pé kó fi irin ẹlẹ́nu mímú àti òòlù ha gbogbo ọ̀dà náà kúrò, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá gbọ́, ó dìde, ó lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀ láìdágbére. Wọ́n ń ha á títí di ọ̀sán, aṣọ tín-ín-rín tó fi sùúrù tẹ̀ sí igun ń fà yọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó ku ìdajì, ebi lé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi.

Ó rẹ gaàrí fún mi, ó fi ẹja gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bu ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, eyín mi sì kan nǹkan. Mo tu ú sọ́wọ́. Èérún ọ̀dà ni, aláwọ̀ eérú. Mo gbóòórùn gaàrí náà. Mo mọ òórùn yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń gbé e kiri lára aṣọ mi.

Mo gbójú sókè. Ìkòkò omi ìyá mi kún dé ẹnu. Korobá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kún. Agbada ńlá tó fi ń fọ ẹja pàápàá kún, ó sì fi àwo bò ó kí eruku má baà wọ̀ ọ́.

“Iye. Níbo lẹ ti rí omi yìí?”

“Nínú ulé tí o kọ́ fún mi.”

Mo gbé àwo gaàrí sílẹ̀.

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe?” ó ní. “Ìwọ lo sọ pé ó mọ́. Ìwọ lo sọ pé ẹ ó dà á nù. Ilẹ̀ ń mọ́, mo bu tèmi. Èyí tó gbé ọmọ pọ̀n bá mi gbé e, ó bu tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti fi ọjọ́ mẹ́fà wẹ omi iyọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ti bó. A kò bu ú tán. A bu ìwọ̀nba.”

“Nígbà tí mo ní ó jò ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ń ha á? Òòlù ń dún létí yín láti àárọ̀!”

Ó fi ọwọ́ tó yá pa ọwọ́ tó dá.

“Nígbà tí o ní ó jò, inú mi dùn díẹ̀,” ó ní. “N kò ní purọ́ fún ọ. Mo mọ gbogbo pákó tó ń dún nínú ulé yìí. Èyí tí bàbá rẹ máa ń tẹ̀ bó bá ti odò dé ṣì ń dún. Mo ní bí balùwẹ̀ bá ti jò, ọ̀rọ̀ ti parí, n kò ní lọ mọ́. Mo mọ̀ pé kò dáa.” Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú. “Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè, ìwọ tó kàwé. Omi wo ni mo fẹ́ fi wẹ̀ nínú balùwẹ̀ rẹ?”

Mo la ẹnu láti dáhùn. Ẹ̀rọ omi wà lára ògiri, dídán, mo rà á ní Àkúrẹ́. Ṣáwà wà lókè orí rẹ̀. Páìpù wọn wọ inú ògiri lọ, ó gba ògiri jáde sẹ́yìn ilé, ó sì tán síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sínú igbó. Kò so mọ́ nǹkan kan. Nínú gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ mi, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló sọ bí omi kò ṣe ní jáde. Kò sí ọ̀kan tó sọ ibi tí omi á gbà wọlé.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo rẹ́rìn-ín títí gaàrí fi gba imú mi. Nígbà tí mo máa fi mọ̀, ẹkún ni mò ń sun, nítorí pé obìnrin yìí ti ń ru omi pẹ̀lú ọwọ́ kan látọjọ́ tó ti ṣubú, mo sì ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, táìsì ni mo ń wò.

Mo lọ bẹ Bàbá nídìí ọkọ̀. Ó jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ dáadáa kó tó mú aṣọ mìíràn. Bíríkìlà gbọ́ ìtàn náà, ó sì fi rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tún fọwọ́ kan balùwẹ̀, wọ́n mọ tánkì búlọ́ọ̀kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, lábẹ́ ibi tí páànù ti ń da òjò sílẹ̀. Mo ra irú ọ̀dà tí wọ́n ń lò fún omi mímu, Bàbá sì tẹ́ igun rẹ̀ bó ṣe tẹ́ ti balùwẹ̀. A so páìpù mọ́ ọn, wọ́n tún balùwẹ̀ kùn, mo sì tún lọ rọ omi wá láti Igbókòdá.

Fún ìdánwò kejì, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, ó gbé àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ lé itan, ó ń ṣọ́ omi. Ẹni tó bá gbé korobá kọjá, á na àjẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì, omi wà lójú àmì. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo ṣe fẹ́ fa aṣọ inú ihò páìpù yọ, ó fi àjẹ̀ gbá mi lọ́wọ́. Ó pe gbogbo obìnrin àdúgbò, wọ́n sì bu omi náà tán dé èyí tó kẹ́yìn, wọ́n fi aṣọ nu ilẹ̀, wọ́n fún aṣọ náà sínú korobá.

Òjò àkọ́kọ́ kún tánkì dé ìdajì, ìyá mi sì kó dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ balùwẹ̀ lọ pẹ̀lú korobá, ó ní òun kò ní dúró sábẹ́ nǹkan tó ń tutọ́ síni lórí. Kànrìnkàn rẹ̀ ló fi kọ́ sára ṣáwà. Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀. Mo ń gbọ́ igbá tó ń kan etí korobá, mo ń gbọ́ omi tó ń dà sórí táìsì, tó ń gba ihò lọ. Ara mi kò balẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, tí mo sì fi etí tì í.

Ó jáde, ó ró ìró mọ́ àyà, ó bá mi bẹ́ẹ̀.

“Ìwọ náà?” ó ní.

Ó wá jókòó tì mí, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ògiri náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó fi pa á lọ, ó fi pa á bọ̀. Gbígbẹ ni.

“Lọ wẹ̀,” ó ní. “Mo ti ṣẹ́ omi kù fún ọ.”

Ìdajì korobá ni mo bá níbẹ̀. Òun ti fi ìwọ̀nba wẹ̀.